Imú Fìyìn ní Ẹnubodè Òkè Àgbà

Kí Ìbíyẹmí tó ní kí ọmọ náà gbé orí sókè, ó ti gbé e sókè. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìró ìyá rẹ̀ mú, ó pa ojú dé, ó sì na imú sókè bí ẹni tó ń retí òjò. Ọmọ ọdún méjì ààbọ̀ ni. Ìgbà keje rèé tí wọ́n ń gbé e wá sí ẹnubodè Òkè Àgbà, ohun tí wọ́n sì ń ṣe fún un níbẹ̀ ti mọ́ ọn lára ju ìwẹ̀ lọ.

"Fìyìn, pẹ̀lẹ́ o," ni Ìbíyẹmí wí. "Kò ní pẹ́."

Ó ki ọ̀pá òwú tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ihò imú ọmọ náà, ó tì í lọ títí ó fi dé ibi tí imú ti pàdé ọ̀fun. Ó ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Ó yí i lẹ́ẹ̀kan, ó fà á yọ. Omi bọ́ lójú ọmọ, ṣùgbọ́n kò ké.

Ìbíyẹmí ti òwú náà bọ ẹnu Ajá. Orúkọ tí ìjọba fún ẹ̀rọ náà gùn ju ohun tí ahọ́n lè gbé lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò tóbi ju àpótí ìjókòó lọ. Nígbà tó jẹ́ pé òórùn ni iṣẹ́ rẹ̀, Ajá ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ó kùn fún ìwọ̀n ìgbà tí ẹyin fi ń jinná, ó sì yọ káàdì kan síta.

"Pupa," ni ìyá ọmọ náà wí. Adùnọlá lorúkọ rẹ̀, olùkọ́ ni nílé ẹ̀kọ́ kan nísàlẹ̀ òkè. Kò tilẹ̀ wo káàdì náà dáadáa kó tó sọ̀rọ̀.

"Pupa ni, ìyá Fìyìn. Ẹ má bínú."

"Ara ọmọ yìí le, Àǹtí. Kò wúkọ́, kò yọkun. Mọ́ínmọ́ín tó jẹ láàárọ̀ yìí, ó jẹ tiẹ̀, ó tún jẹ tèmi."

"Mo mọ̀. Kì í ṣe pé ó ń ṣàìsàn, ó kàn ń gbé kòkòrò òtútù àyà kiri ni. Nínú ọmọ mẹ́wàá tí mo bá yẹ̀ wò, mẹ́fà ló ń gbé e. Inú imú wọn ló fi ṣe ilé, kò sì dí wọn lọ́wọ́ eré."

"Ìgbà wo ló máa wá kúrò?"

"Ó lè kúrò lọ́la. Ó sì lè kúrò kí òmíràn wá rọ́pò rẹ̀. Ẹ gbé e padà wá lẹ́yìn ogójì ọjọ́."

Adùnọlá mi orí. Ogójì ọjọ́ mẹ́fà ló ti kà sẹ́yìn.

Àwọn tó bá ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kò nílò àlàyé. Wọ́n rántí Ọdún Tí Oògùn Kú, nígbà tí abẹ́rẹ́ tó ti ń wo òtútù àyà láti ayé àwọn bàbá ńlá kò ran kòkòrò rẹ̀ mọ́, tí wọ́n sì sin àgbà mọ́kànlá ní àdúgbò Ìbíyẹmí nìkan, nínú ọyẹ́ kan ṣoṣo. Bàbá tirẹ̀ wà nínú wọn. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kọ́ Òkè Àgbà. Ẹni tó bá pé àádọ́rin ọdún á gòkè lọ. Ọmọ tí kò bá tíì pé márùn-ún kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni wọlé, àfi tí Ajá bá yọ káàdì aláwọ̀ ewé fún un. Láti ìgbà náà, ẹni mẹ́ta péré ni òtútù àyà pa lórí òkè. Kò sẹ́ni tó lè bá òfin náà jà, nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́.

Ìyá Adùnọlá dúró lẹ́yìn ògiri dígí. Màmá Adérójú ni, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, tó fi ogójì ọdún ṣiṣẹ́ iná mànàmáná kí wọ́n tó gòkè. Egungun wọn ṣì le; àwọn ni wọ́n máa ń gun àkàbà tí iná bá kú nílé kẹsàn-án tí wọ́n ń gbé. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ti lò lókè. Àtìgbà tí wọ́n ti bí Fìyìn, ọwọ́ wọn kò tíì kan ọmọ náà rí.

Fìyìn sáré lọ síbi dígí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e. Màmá rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n yí ẹ̀yìn padà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ gbá ìdí ara wọn bí ìyá ṣe ń ṣe tó bá fẹ́ kí ọmọ gun òun. Fìyìn na apá méjèèjì, ó sì fi àyà lé dígí náà. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń gbálẹ̀ nítòsí wo ibòmíràn.

Nígbà tí Màmá yíjú padà, wọ́n ju ọwọ́ sí Ìbíyẹmí. "Wá. Ìwọ nìkan."

Fèrèsé kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí náà, tí ohùn ń gba inú àsẹ́ rẹ̀ kọjá, tí ìwé sì ń gba àlàfo abẹ́ rẹ̀. Ìbíyẹmí kúnlẹ̀ díẹ̀, ó tẹ́tí.

"Ṣé o mọ tẹ́sítà?" ni Màmá bèèrè. "Èyí tí a fi ń wò bóyá iná wà lára wáyà?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Màmá."

"Tí mo bá fi kan ara rọ́bà dípò bàbà tó wà nínú, ó máa ní kò síná. Iná sì ń bẹ níbẹ̀ o. Ọ̀pá òwú tìẹ yẹn, ṣé dandan ni kó wọlé tó bẹ́ẹ̀?"

Kò sí òṣìṣẹ́ tó ń yẹ imú wò tí kò mọ ìdáhùn rẹ̀, kò sì sí èyí tó jẹ́ sọ ọ́ síta. Tí òwú bá mọ létí ihò imú, ikun lásán ni Ajá máa rí, káàdì aláwọ̀ ewé ló sì máa yọ. Ìṣẹ́jú kan péré ni. Fìyìn á wọlé.

"Adérójú, mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ o."

Bàbá Ògúnṣọlá ló sọ̀rọ̀. Wọ́n jókòó sórí àga gígùn lẹ́yìn Màmá, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìmí lẹ́sẹ̀ wọn àti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti ibẹ̀ wọ imú wọn. Ilé kẹsàn-án kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, àwọn méjìlá.

"Mi ò bá yín jà," ni Bàbá ń sọ lọ. "Ọmọ dára lójú. Ṣùgbọ́n yàrá ìjẹun kan náà la ní. Bí ọmọ yẹn bá sín, èmi lẹ máa sin."

Màmá Adérójú yíjú sí wọn. "Òótọ́ lẹ sọ," ni wọ́n wí. Wọ́n tún kọjú sí àsẹ́ fèrèsé. "Ìbíyẹmí, gbàgbé èyí tí mo sọ yẹn. Lọ gbé Ìwé Ìjáde wá."

Orúkọ méjì péré ló wà nínú ìwé náà láti ọdún mẹ́sàn-án tí Ìbíyẹmí ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá jáde kò ní padà sókè mọ́ láéláé. Òṣìṣẹ́ tó bá sì buwọ́ lù ú ni yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ karùn-ún karùn-ún títí di ogójì ọjọ́. Tí òtútù àyà bá pa àgbà náà láàárín ìgbà yẹn, òṣìṣẹ́ náà máa fi ẹnubodè sílẹ̀. Ìbíyẹmí mú ìwé náà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó tún gbé e padà, ó sì pe ọ̀gá rẹ̀.

"Ọ̀gá Látúndé, Màmá Adérójú fẹ́ jáde."

Ohùn ọkùnrin náà tutù nínú ẹ̀rọ. "Nítorí ọmọ yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Ìwé lo ń pè fún? Tún ọmọ náà yẹ̀ wò. Kò pọn dandan kí òwú jinlẹ̀. Jẹ́ kó wọlé fún wákàtí kan, kí wọ́n rí ara wọn, kó máa lọ. Ta ló máa mọ̀?"

"Àwọn mọ́kànlá yòókù wà nílé kẹsàn-án, sà."

"Wọn ò ní mọ̀."

"Ẹ̀dọ̀fóró wọn máa mọ̀."

Ọ̀gá Látúndé mí kanlẹ̀. "Ìbíyẹmí, ọ̀nà tó rọrùn ni mo fi hàn ọ́. Èyí tó o bá yàn, orúkọ rẹ ló máa wà níbẹ̀, kì í ṣe tèmi."

Ìbíyẹmí mú ìwé náà, ó padà síbi fèrèsé. Adùnọlá ti gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ fẹ́ ṣe, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ọdún méjì ààbọ̀ péré ló kù tí yóò fi pé márùn-ún. Á máa wọlé wá bá yín nígbà tó bá wù ú."

"Adùnọlá, ta ló ń pọn ọmọ ọdún márùn-ún?"

Ìbíyẹmí ṣí ìwé náà sílẹ̀. "Màmá, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún yín, kí ẹ sì gbọ́ ọ láti ẹnu mi. Kòkòrò tó wà nímú Fìyìn, ó wà níbẹ̀ dájú. Ó lè ràn yín kó má ṣe yín ní nǹkan kan. Ó sì lè wọ àyà yín. Tó bá wọ àyà yín, a ò ní oògùn kankan. Bàbá mi nìyẹn pa. Bí ẹni tó ń rì sómi lórí ilẹ̀ gbígbẹ ló ṣe rí."

"Ta ló wà lọ́dọ̀ wọn?"

"Kò sí. Wọn ò jẹ́ ká wọlé."

Màmá wò ó láti inú àsẹ́. Wọn kò sọ pé ó ṣe àwọn láàánú. Wọ́n na ọwọ́ fún bírò.

"Wọ́n ní kí ẹ sọ ìdí tí ẹ fi ń jáde," ni Ìbíyẹmí wí. "Èmi ni mo máa kọ ọ́."

"Kọ ọ́ pé mo fẹ́ pọn ọmọ ọmọ mi kó tó wúwo jù mí lọ."

Ó kọ ọ́.

"Kọ èyí náà sí i: tí mo bá kú, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọmọ ló pa mí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣílẹ̀kùn."

Ó kọ ìyẹn náà. Màmá buwọ́ lù ú. Àyè ìbuwọ́lù kan ló kù, bírò sì dúró lókè rẹ̀ pẹ́. Ìbíyẹmí ronú nípa iṣẹ́ náà, tó fẹ́ràn, tó sì mọ̀ ọ́n ṣe ju ẹnikẹ́ni lọ ní ẹnubodè yẹn. Ó ronú nípa òwú tí kò jinlẹ̀, bó ṣe rọrùn tó. Kò sí èyí tó dára nínú méjèèjì. Ọ̀kan kàn wà tó jẹ́ pé gbogbo ẹni tó lè pa ló ti gbọ́, tó sì ti gbà. Ó buwọ́ lù ú.

Ìlẹ̀kùn ìjáde kọ̀ kò ṣí, nítorí pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti lò ó kẹ́yìn. Òṣìṣẹ́ méjì bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Láti inú lọ́hùn-ún, Màmá ní kí wọ́n yéé tì í, kí wọ́n fa wáyà búlúù tó wà lókè yọ. Wọ́n fà á yọ, ìlẹ̀kùn sì ṣí.

Àpò kan péré ni Màmá gbé jáde. Fìyìn rí wọn láìsí dígí láàárín, ẹ̀rù bà á, ó sì sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Màmá kò pè é. Wọ́n tú ìró òkè wọn, wọ́n lóṣòó, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i, wọ́n sì ń dúró. Ó pẹ́ díẹ̀. Ọmọ náà rìn lọ, ó dúró, ó tún rìn, ó sì gun ẹ̀yìn náà. Màmá dìde pẹ̀lú rẹ̀, orúnkún wọn dún, wọ́n gba ọ̀já mọ́ ọn nídìí. Fìyìn fi imú lé ọrùn wọn, ó fi nu ìyókù omijé rẹ̀ síbẹ̀.

Ìbíyẹmí rí i. Ó wo aago, ó kọ ọ́ sílẹ̀: agogo mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú méje.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ó gbé Ajá lọ sílé Adùnọlá nínú àpótí rẹ̀. Ó yẹ imú Màmá wò. Pupa.

"Ó ti dé nìyẹn," ni Màmá wí, bí ẹni pé àlejò ni. Fìyìn sùn sẹ́yìn wọn.

Ní ọjọ́ kẹwàá, ó bá wọn níta tí wọ́n ń tún bátìrì aládùúgbò kan ṣe, ọmọ lẹ́yìn. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń jà lórí bóyá Fìyìn lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Màmá ní kò lè rìn. Adùnọlá ní wọ́n ti ba ọmọ náà jẹ́. Ní ogúnjọ́, kò sí nǹkan kan. Ìbíyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ọjọ́ tó kù, ó sì bínú sí ara rẹ̀ pé òun ń kà wọ́n.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, Adùnọlá pè é láàárọ̀. Ibà ti mú Màmá, wọ́n sì ń di ìhà mú tí wọ́n bá wúkọ́.

Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà. Wọ́n fi irọ̀rí mẹ́ta tì wọ́n dìde kí wọ́n lè máa mí. Ìbíyẹmí wá lójoojúmọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin kò ní kó wá. Ó nu ẹnu wọn, ó bu omi fún wọn, ó jókòó. Ní ọjọ́ kẹta, Màmá ní kí wọ́n gbé Fìyìn lọ sí àgbàlá, kó má baà máa wo àwọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣí fèrèsé sílẹ̀. Ọmọ náà ń gbá agolo kiri níta. Ohùn agolo yẹn ló ń dún ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrin, nígbà tí Màmá Adérójú dákẹ́. Adùnọlá di ọwọ́ wọn kan mú. Ìbíyẹmí di èkejì mú.

Lẹ́yìn náà ló ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi òwú gba ohun tó wà lọ́fun òkú, ó fi í fún Ajá, ó sì dúró títí ó fi kùn tán.

Adùnọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Àǹtí, ṣé ti ọmọ mi ni?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu Ìbíyẹmí, ó ti mọ bó ṣe máa sọ ọ́. Kò sọ ọ́.

"Irú kan náà ni."

Adùnọlá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìbíyẹmí ṣí Ìwé Ìjáde síbi tí ó ti kọ ọ̀rọ̀ Màmá, ó gbé e lé e lọ́wọ́, ó sì jáde sí àgbàlá lọ bá ọmọ náà, kí ìyá rẹ̀ lè kà á ní tirẹ̀ nìkan.

Ìgbìmọ̀ Òkè Àgbà jókòó lórí ọ̀rọ̀ Ìbíyẹmí fún ìdajì wákàtí. Ọ̀gá Látúndé wà lára wọn. Ohun tí wọ́n bi í kò pọ̀.

"Ṣé o mọ̀ pé ọmọ náà ń gbé e?"

"Mo mọ̀."

"Ṣé màmá náà mọ̀?"

"Mo sọ fún wọn."

"Kí ló dé tó o fi buwọ́ lù ú?"

Ìbíyẹmí ronú sí i. "Ìwé náà wà níbẹ̀," ni ó wí. "Àwa la kọ ọ́ pé ẹni tó bá fẹ́ jáde lè jáde. Mi ò rí ibi tí a kọ ọ́ sí pé ọ̀rọ̀ náà kò dénú wa."

Wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé ìfọṣọ nísàlẹ̀ òkè. Wọ́n ní kó ṣì máa ṣiṣẹ́ ní ẹnubodè títí ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀ á fi dé.

Ní ogójì ọjọ́, Adùnọlá gbé Fìyìn wá. Ẹ̀bí ni òfin ní kó wá kó ẹrù òkú, kò sì sí ẹni tó lè bá a tọ́jú ọmọ nílé. Ìbíyẹmí ki òwú bọ imú ọmọ náà, ó tì í dé ibi tó ń tì í dé fún gbogbo ọmọ. Káàdì yọ. Ewé.

Àwọn obìnrin méjèèjì wò ó. Adùnọlá gba káàdì náà, ó sì mú ọmọ rẹ̀ wọlé.

Bàbá Ògúnṣọlá ló dúró dè wọ́n lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìmí lórí táyà rẹ̀. Wọ́n ti di ẹrù Màmá, àwọn fúnra wọn ni wọ́n dì í. Wọ́n wo ọmọ náà láti òkèèrè fún ìgbà pípẹ́. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n ti wà lókè, wọn ò ní ọmọ ọmọ, wọn ò sì mọ bí a ṣe ń sún mọ́ ọmọdé mọ́. Níkẹyìn wọ́n bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ìwọ̀n tí ẹ̀yìn wọn gbà.

"Kí lorúkọ rẹ?" ni wọ́n bèèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n mọ̀ ọ́n.

"Fìyìn. Kí lorúkọ tìẹ?"

"Fìyìn!" ni Adùnọlá bú mọ́ ọn. "Bàbá ni kó o pè wọ́n."

Ṣùgbọ́n Bàbá ti gbé ọwọ́ sókè. "Ládàpọ̀ ni," ni wọ́n wí.

"Ládàpọ̀," ni ọmọ náà wí, ó sì di ìka wọn mú, "jẹ́ ká lọ."

Bàbá Ògúnṣọlá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí èémí wọn fi já, tí ẹ̀rọ ìmí bẹ̀rẹ̀ sí í han, tí nọ́ọ̀sì méjì sì sáré jáde láti ilé kẹsàn-án. Bàbá fi ọwọ́ tó ṣófo lé wọn padà. Èkejì wà lọ́wọ́ ọmọ. "Ẹ fi mí sílẹ̀," ni wọ́n ń wí. "Ẹni tó pè mí bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, ìyá mi ni."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, bàbá, ọmọ àti ẹ̀rọ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò lè yára. Ìbíyẹmí ń wò wọ́n láti ẹnubodè títí wọ́n fi yà sí ẹ̀yìn ilé. Lẹ́yìn náà ó kó àwọn kọ́kọ́rọ́ jáde lápò, ó sì kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan fún obìnrin tó wá rọ́pò rẹ̀.